Òdòdó Pupa Tí Mo Hú ní Imoru

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, àwọn tó ń gba ọ̀nà Isuada kọjá máa ń dúró wo iwájú ilé mi. Òdòdó pupa kan ló ń dá wọn dúró. Kò ní ewé nígbà tó bá kọ́kọ́ yọ. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni yóò la ilẹ̀ jáde, orí rẹ̀ á tóbi tó ọsàn ńlá, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ irun pupa tó dúró ṣánṣán. Ewé á wá tẹ̀lé e. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ á gbẹ dànù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tó rí bí àlùbọ́sà á wà nísàlẹ̀, á máa sùn títí òjò ọdún tó ń bọ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: "Inú igbó ni." Irọ́ ni mo ń pa fún wọn.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òdòdó. Mo wo àwọn ilé tó yí mi ká ní Ọ̀wọ̀, òdòdó kan náà ni gbogbo wọn gbìn, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì. Mo ní èmi kò ní ṣe bíi tiwọn, ohun tí ilẹ̀ wa bá fúnra rẹ̀ hù ni màá gbìn. Ìyàwó mi ní ìyìn ni mò ń wá, kì í ṣe òdòdó. Inú bí mi sí i, nítorí òótọ́ ló sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo lọ kí àbúrò bàbá mi obìnrin ní Imoru. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń jẹ. Kí n tó dé ilé rẹ̀, mo dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá oko náà, mo yà sínú igbó láti tọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí wọn. Wọ́n pọ́n fòò láti ìdí ọ̀pẹ kan títí dé etí odò, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí o. Owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi níwèé. Ó yẹ kí n mọ̀ pé òdòdó igbó kì í tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kò jẹ́ kí n ronú.

Mo mú àdá nínú bùùtù ọkọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn. Bí ó bá ṣe pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo hú, ojú ì bá má tì mí tó báyìí. Gbogbo rẹ̀ ni mo hú, torí mo fẹ́ kí ó kárí ọ̀tún àti òsì géètì mi. Mo kó wọn sínú àpò gàrí. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, Màmá, bí mo ṣe ń pe àbúrò bàbá mi yìí, ń yan gàrí lọ́wọ́, ó rí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nídìí wọn tó yọ lẹ́nu àpò náà.

"Kí lo kó sínú àpò yẹn?"

"Koríko kan ni, Màmá. Mo fẹ́ gbìn ín síwájú ilé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ùwọ tó sá fún oko, koríko oko lo wá ń kó lọ sí ulé?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò yẹ àpò náà wò.

Òdòdó náà gbilẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyàwó àlùfáà wa pàápàá bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní gbòǹgbò kan, mo ní kò tí ì pọ̀ tó. Ní Imoru, ilẹ̀ apá ibẹ̀ ń sinmi lọ́dún yẹn, koríko bo ojú ihò tí mo gbẹ́, kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

Ní ọdún kejì, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ ebè, Màmá pè mí lórí fóònù. "Máa bọ̀ kíá. Wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi." Bàbá àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà ló ń sọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni bàbá yìí, láti ọjọ́ tí ọkọ náà sì ti kú, òun ló ń bá Màmá kọ ebè kó tó kọ tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ebè rẹ̀ ti wọnú ilẹ̀ Màmá.

Nígbà tí mo dé Imoru, àwọn àgbà ti jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún mi láàárín wọn, torí akọ̀wé ni mí. Màmá na ìka sí bàbá náà.

"Ọkọ mi àti ùwọ lẹ jọ gbìn ín! Iná jó pèrègún tí ẹ kọ́kọ́ fi pààlà, màlúù tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ẹ ní òdòdó pupa lẹ ó gbìn, torí iná kò lè jó ohun tó sùn sábẹ́ ilẹ̀, màlúù kì í sì í jẹ ẹ́. Lónìí ọkọ mi ti kú, o wá hú u!"

Mo gbójú sílẹ̀, mo ń wo bàtà mi.

Bàbá náà kò pariwo. "Òjò rọ̀, mo dúró kó yọ, kò yọ. Ibi tí mo rò pé ó wà ni mo fojú wọ̀n tí mo fi kọ ebè." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n rẹ̀. "Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló yọ ọ́ nílẹ̀, kí usu tuntun ọdún yìí pa mí."

"Àmín!" ni Màmá wí. Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Mo tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo tún agbádá ṣe léjìká, mo ní kí àlàáfíà jọba, kí a ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́lẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, èmi gan-an ni mo sì mú kí orí ọmọ náà wọ́. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi jẹ́wọ́: mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò lórí àga yẹn.

Nígbà tí iṣu jáde, Màmá gbé díẹ̀ wá fún wa ní Ọ̀wọ̀. Òdòdó ti rẹ̀ dànù nígbà náà, ewé nìkan ló kù, Màmá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìbúra ti mú un! Wọ́n gún iyán tuntun nílé rẹ̀, ó ní gàrí ni òun ó mu. Látìgbà náà, kò fi usu tuntun kan ẹnu. Ẹni tí kò ṣe é, kí ló ń bà á lẹ́rù? Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ti ń wò ó níwòkuwò."

Ìyàwó mi se iṣu náà, mo sì jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo bu sí i.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo kọrin, tí mo bọ̀, kí n tó lè ṣe ohun tó yẹ. Mo hú gbogbo òdòdó náà, mo kó wọn sínú àpò, mo wa ọkọ̀ lọ sí Imoru, mo sì mú Màmá lọ́wọ́ lọ sí ilé bàbá náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tú àpò sílẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣe.

Màmá wò mí títí. "Nígbà tó búra, ṣé ùwọ náà ṣe àmín?"

"Mo ṣe é, Màmá."

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó yíjú kúrò lára mi, ó sì kúnlẹ̀ fún bàbá náà.

Èmi ni Bàbá kọjú sí. "Ṣé gbogbo rẹ̀ lo hú? Kò ku ìkankan nílẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀ pé n kò hú u. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé bóyá ọkọ́ mi gé ọ̀kan nísàlẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ebè, tí mi ò mọ̀. Ẹni tó búra kì í fi 'bóyá' jẹun." Ó gbé Màmá dìde, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin sun iṣu wá.

Wọ́n gbé e dé pẹ̀lú epo àti iyọ̀, ó ń rú èéfín. Ó gé e, ó sì na èyí àkọ́kọ́ sí mi. "Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹun."

Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ lé orókún, ó ń dúró. Ẹnu rẹ̀ ń ṣomi, mo rí i bó ṣe ń gbé itọ́ mì. Mo fi iṣu náà sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́, èmi tí mo ti jẹ iṣu tuntun ní àjẹyó, òun sì ń wò mí, kí n jẹ tán kí òun lè bẹ̀rẹ̀.