Fọ́tò iwájú ilé onílé

Mo ya irọ́ lónìí, ó sì dùn-ún wò.

Kúnlé, tó gbé iṣẹ́ fọ́tò fún mi, ní ìyá òun tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ rí ibi tí òun ń gbé. Ó mú mi lọ síwájú ilé bíríkì kan ní Springdale, àdúgbò kan níbí lókè òkun. Mo gbà pé tirẹ̀ ni. Mò ń yà á lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí, ìyá Yorùbá kan yọjú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta lẹ ń yà níwájú ilé mi?"

Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé ẹlòmíì ni mò ń gbé. Mi ò lè fi ibẹ̀ han màmá mi."

"Dìde, jàre." Wọ́n bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Onífọ́tò, yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n tí màmá rẹ̀ bá dé, ẹ má mú wọn wá síbí o!"

A rẹ́rìn-ín. Kúnlé fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí n tó palẹ̀ mọ́, ohùn ìyá rẹ̀ ti dé orí fóònù:

"Ọmọ mi, Ọlọ́run ṣeun! Yàrá wo ni tèmi níbẹ̀?"

Kúnlé wò mí bíi pé ìdáhùn wà nínú kámẹ́rà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ẹ̀ bá ní kó sọ?