Súfèé Tí Zakariyya Lé Jáde Nínú Sípíkà

Àwọn kan wà tó jẹ́ òórùn eku tó kú sínú àjà ni wọn ò lè fara dà. Ti Zakariyya, ariwo ni. Bí ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀ Òkè Mápó bá ti tan sípíkà oníke rẹ̀ láàárọ̀, Zakariyya á fajú ro bí ẹni tó fẹ́ bì. Á pòṣé, á ti fèrèsé, á tún pòṣé. Ó ní kì í ṣe orin ló ń jáde níbẹ̀, ìgbẹ́ ni.

Ọgbọ̀n ọdún rèé tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi pákó kan sípíkà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò ní Kàdúná. Oníbàárà tó bá wá sọ pé bẹ́ẹ̀sì tí yóò mi ilé tìtì lòun ń fẹ́, lílé ló ń lé e, á ní kó lọ háyà katakata. Ohùn ènìyàn ni Zakariyya ń wá, ohùn tó mọ́ gaara, tí kò lábùkù kankan. Tíṣà Oyèdélé ti Òkè Padre, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti ra sípíkà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, sọ fún un nígbà kan pé pákó àti bébà ò lè di ọ̀fun láéláé, pé bó ti wù kó dùn tó, díẹ̀ á kù. Ọ̀rọ̀ yẹn rí i lára ju bẹ́ẹ̀sì lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ló pè é.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló fà á. Nígbà tó wà ní Kàdúná, fóònù ò tí ì dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, inú kásẹ́ẹ̀tì làwọn ìyá ń sọ̀rọ̀ sí, wọ́n á sì fi rán ẹni tó bá ń lọ sókè Ọya. Ìyá Zakariyya sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò mú un lọ, ìyá kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ọmọ tí kò fojú kàn án fún ọdún mẹ́fà dé, ilẹ̀ tútù àti kásẹ́ẹ̀tì ló bá.

Òun ló fi ń dán gbogbo sípíkà tó bá kàn wò. Súfèé kan sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó gbádùn: níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gba àárín eyín kọjá, á dún fíìì. Ó ní sípíkà ló lẹ́bi, nítorí ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Bó bá ti gbọ́ ọ, á pòṣé, á tú u palẹ̀. Ó pààrọ̀ pákó, ó ki òwú àràbà sínú rẹ̀, ó fi aṣọ bo ibi tí ohùn tín-ín-rín ń gbà jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, súfèé náà tán pátápátá. Kíá ló lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àtọ́kẹ́, wá láti Ọ̀rányàn, torí òun ló di rédíò mú fún ìyá lọ́jọ́ tó ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó fi í jókòó, ó ní kó dijú. Ohùn náà jáde, ó jọ̀lọ̀ bí ògì tí wọ́n sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àtọ́kẹ́ lajú. "Ta nìyẹn?"

"Ìyá wa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyá kọ́. Súfèé rẹ̀ dà?"

Zakariyya rẹ́rìn-ín, ó ní wàhálà ẹ̀rọ nìyẹn, òun ti bá a kanlẹ̀. Àtọ́kẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé ní ọdún méjì kí ìyá tó kú, ó yọ̀ ṣubú nídìí kànga ẹ̀yìn agboolé, eyín iwájú rẹ̀ sì kán. Láti ọjọ́ náà, kò lè kí sálámù kó má súfèé. Àwọn ọmọ agboolé a máa sín in jẹ, òun náà á sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Súfèé yẹn la fi ń mọ̀ pé ó ti ń bọ̀," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Kí lo ṣe sí i?"

Zakariyya wo àpótí ìrókò sípíkà náà tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán, bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì. Ó rántí gbogbo òṣé tó ti pa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń pòṣé sí ẹnu ìyá rẹ̀.

Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí sípíkà tó kọ́kọ́ kàn láyé rẹ̀ wà, èyí tí bébà ojú rẹ̀ ti ya, tó sọ di ibi tó ń gbé bútà àlùwàlá lé. Ó nù ún, ó gbé e wọlé, ó so wáyà mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ ń ha gàrà-gàrà, kó tó di pé ìyá sọ̀rọ̀, ó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àjàgbé, àárò rẹ ń sọ mí. Sáré wá sílé."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni súfèé náà dún. Àtọ́kẹ́ fọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Zakariyya jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń dọdẹ súfèé nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn débi pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀kánkán, ọmọ oní-fóònù tan sípíkà oníke rẹ̀. Zakariyya ò pòṣé. Ara rẹ̀ ló kórìíra lọ́jọ́ náà. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun yí kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́yìn kí àwọn lè tún un gbọ́, pé òun ò fẹ́ fi ọwọ́ tó pa súfèé náà kàn án mọ́.