Bátìrì Áńbúláǹsì

Wọ́n ṣàdúrà fún mi lónìí, ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi ni mò ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀ ní káńsù wa. Láàárọ̀, jíìpù ọ̀gá wa kọ̀, kò sítáàtì, wọ́n sì ń retí ẹ̀ ní Gowon Estate. Mo bá yọ bátìrì áńbúláǹsì fún un, mo wá fi èyí tó ti kú sínú áńbúláǹsì. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn jàre. Mo ní tó bá dé, màá dá a padà.

Kò tíì dé tí wọ́n fi gbé aláboyún kan wá, pé ká sáré gbé e lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà. Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún rárá.

Ọkọ obìnrin náà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń ti ọkọ̀. Èmi náà sáré lọ tì í. Ìyàwó ẹ̀ ń ké nínú ọkọ̀.

Nígbà tó sítáàtì, ọkùnrin yẹn di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ ò ní wá olùrànlọ́wọ́ tì."

Mo ní, "Àmín."

Obìnrin yẹn ti bí o, ara tìyá tọmọ le. Àmọ́ bátìrì yẹn ṣì wà nínú jíìpù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ bú mi nísàlẹ̀ níbí. Mò ń kà á.