Àpótí Tí Kòlèfọ́ Fi Ọdún Márùn-ún Wá

Ẹyin mẹ́fà ni Kòlèfọ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àpótí lọ́jọ́ tí àdúgbò ò gbàgbé títí dòní. Ó kó wọn sínú àpótí oníke kan tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn fún un tán, ó dé e, ó ti ìkọ́ rẹ̀ méjèèjì pa, ó gbé e dé orí àtẹ̀gùn, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni ṣọ́ọ̀bù náà ní. Àpótí náà ka gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó balẹ̀ gbì, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yẹn?" ni ọlọ́jà bi í.

"Ìbéèrè ni mo bi í," ni Kòlèfọ́ wí. "Jẹ́ ká lọ gbọ́ èsì."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ara àpótí ò sán, etí rẹ̀ ò ya. Ọlọ́jà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí i, àwọn ìkọ́ ti wọnú ara wọn, ìdérí sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n fi ọ̀bẹ họ ọ́, ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ wá bá wọn fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Òòlù ni wọ́n fi ṣí i nígbẹ̀yìn. Ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bọ́ lọ́wọ́ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá wá kú sọ́wọ́ òòlù. Kòlèfọ́ wò wọ́n títí, ó gbọn orí. "Àpótí gidi ni," ó ní. "Ó gba oúnjẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ayé, títí kan ẹni tó ni ín."

Ìtàn yìí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, sọ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ó ṣe bí bàbá ṣe ń họ àgbọ̀n, ó ṣe bí ojú ọlọ́jà ṣe yí padà. Ohun tí kò sọ ni pé òun ò sí níbẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò tẹ̀ lé e lọ ní Sátidé yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pé aṣọ oníbàárà kan ń dúró de òun. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ìtàn bàbá tó bí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi di ẹrù fún àwọn tó ń kó láti ilé kan lọ sí òmíràn. Àwo, dígí, àtùpà, àga ìyá àgbà, kò sí èyí tí kò fi bébà àti okùn tù lára kó tó gbé e sínú ọkọ̀. Bó bá sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, á yíjú sí onílé, á ní: "Kò lè fọ́." Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn títí ó fi kú. Kì í ṣe pé nǹkan ò fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àwo kan fọ́ lọ́dún kẹrin, ó sì ń dárúkọ àwo náà bí ẹni ń dárúkọ òkú.

Gbogbo ìrìn tó rìn láyé, ẹrù ẹlẹ́rù ló gbé e lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó rí àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà: adágún omi, àgọ́ kékeré létí rẹ̀, ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo làwọn náà máa lọ sùn síbi tó rí báyìí. "Tí mo bá fẹ̀yìn tì," ni bàbá wí. Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ó sì rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní àyè nígbà tí bàbá ò ní ti di aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bàbá wá ní àyè, ọmọ ò ní mọ́.

Kòlèfọ́ ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Ó ra àgọ́, ó ra sítóòfù kékeré, ó ra àga tó ń ká. Ó wá ku àpótí tí yóò kó wọn sí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ gbé há. "Ẹrù téèyàn ò bá dì dáadáa," ni ó máa ń wí, "ọ̀nà á bá a tún un dì." Ó ní àpótí mẹ́rin péré lòun nílò, kó má jò, kó má sán, kó má ga ju ojú fèrèsé ọkọ̀ lọ. Ọdún márùn-ún ló fi wá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Onírin ló kọ́kọ́ rà. Ó gbé e sínú ọkọ̀ láti dán an wò káàkiri àdúgbò, irin náà sì ń pariwo nídìí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ táwọn èèyàn fi rò pé ẹni tó ń ra àjákù irin ló ń kọjá. Wọ́n ń sáré jáde pẹ̀lú páànù tó ti lu àti ìdí àáké tó ti dógùn-ún. Obìnrin kan na kẹ́tùlù sí i lójú fèrèsé, ó ní èló ló máa san. Kòlèfọ́ yẹ kẹ́tùlù náà wò, ó yẹ ìdí rẹ̀, ó yẹ ẹnu rẹ̀, ó sì rà á. Ó dá àpótí padà ní ọjọ́ kejì, àmọ́ kẹ́tùlù yẹn dára púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan oníke tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀. Kòlèfọ́ da gbogbo iyọ̀ ilé sínú rẹ̀, ó gbé e sí gbangba lákòókò òjò, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ se oúnjẹ láìsí iyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá ṣí àpótí, ó fi ìka tọ́ iyọ̀ náà wò, inú rẹ̀ dùn. "Wò ó, kò rin rárá," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní òun náà ti wà nínú òjò rẹ̀ láti bí ogójì ọdún, kò sì sẹ́ni tó wá ṣí òun wò bóyá òun ń jò.

Láti ọjọ́ náà lọ, tó bá ti jẹun alẹ́ tán, á bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí ibi tó ń jò?" Obìnrin náà á ní kò sí. Nígbà mìíràn á ní ó wà, wọ́n á sì jókòó sọ ọ́.

Lọ́dún àkọ́kọ́, aránṣọ máa ń bá a lọ yan àpótí ní Sátidé. Ó rántí bí bàbá ṣe ń rìn láàárín àtẹ, bó ṣe ń kan ìdí àpótí lẹ́ẹ̀mẹta tí á sì gbé etí lé e bíi dókítà. "Inú ẹ̀ ò dáa," á ní, wọ́n á sì kọjá sí òmíràn. Ohun tó ń dun ọmọ yìí jù lónìí ni pé gbogbo ìgbà tí bàbá bá kọ àpótí kan, ara òun ló máa ń fúyẹ́. Bí àpótí ò bá tíì pé, kò sí ìrìn àjò. Bí kò bá sí ìrìn àjò, kò sí oníbàárà tí òun máa bẹ̀. Ó ń bá àwọn èèyàn fi bàbá rẹ̀ ṣe ẹ̀rín pé ó yẹ nǹkan wò jù, bẹ́ẹ̀ ó ń gbàdúrà lábẹ́nú pé kó má tíì rí èyí tó wù ú. Nígbà tó ṣe, kò bá a lọ mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, fóònù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dún.

"Aránṣọ, mo ti rí i."

"Kí lẹ rí, Bàbá mi?"

"Àpótí kẹrin. Ẹrù ti pé. Lọ́jọ́ Sátidé, kí aago méje àárọ̀ tó lù, kó o ti wọ bàtà."

Aránṣọ wo àwọn aṣọ tó fi kọ́ sára ògiri. "Bàbá mi, ẹ má bínú, Sátidé yìí ò lè ṣeé ṣe. Aṣọ ìyàwó kan wà lọ́rùn mi, mi ò tíì fọwọ́ kan apá ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀."

"Kò burú," ni bàbá wí. "Àní bí mo ṣe ń wò ó yìí, ìdérí ẹ̀ ò tiẹ̀ dé dáadáa. Màá dá a padà fún wọn. Ṣe iṣẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Oṣù tó ń bọ̀, dandan."

"Dandan," ni bàbá wí.

Kò rí oṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ó jẹun ọ̀sán tán, ó jókòó sórí àga níwájú ilé, ó sùn, kò sì jí mọ́. Aṣọ ìyàwó náà ti parí nígbà yẹn. Ó ti wà lára ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹni tó ni ín ò tíì wá gbé e.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú kí ìyá tó ní kó wá bá òun kó ẹrù inú ọkọ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Àpótí mẹ́rin tò síbẹ̀, wọ́n fara kan ara wọn, abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn kọjá. Inú ìdérí àpótí mẹ́ta tí wọ́n ṣí ni bàbá lẹ ìwé mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ka ti àkọ́kọ́ sókè: "Ṣíbí méjì. Àwo méjì. Ife mẹ́ta. Ìyá wọn ní òun ò lọ, ṣùgbọ́n mo mú ife tirẹ̀ dání."

Ìyá gbé ojú kúrò lára ìwé náà. "Ta ló sọ fún un pé mi ò lọ?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Ó yẹ kó tún bi mí," ni ìyá wí, ó sì dé ìdérí náà.

Wọn ò ṣí àpótí kẹrin. Bàbá fi bẹ́líìtì dì í, ó sì fúyẹ́ nígbà tí ìyá gbé e. "Èyí tó ní ìdérí ẹ̀ ò dé nìyí," ó ní. "Kò ráyè dá a padà mọ́. Bá a dá a padà fún wọn."

Aránṣọ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá náà, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì ṣàlàyé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà tẹ́tí sí i tán. Lẹ́yìn náà ó tú bẹ́líìtì, ó ṣí ìdérí, ó dé e, ó tún ṣí i, ó tún dé e. Ó ń dún kẹ́kẹ́ láìsí wàhálà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdérí yìí ò ní àbùkù kankan," ó ní. "Ẹ wo inú ẹ̀."

Fóòmù ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ́ àárín fóòmù náà. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní ọrùn, ó tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ aránṣọ ti wà lára nǹkan tó rí báyẹn lójoojúmọ́ fún ọdún méjìdínlógún. Ìrísí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni.

"Èmi ni mo bá wọn gé e," ni ọlọ́jà wí. "Àpótí mọ́kàndínlógún ni Bàbá dá padà fún mi. Òmíràn á kúrú ní ìka kan, òmíràn á ga ju fèrèsé lọ. Gbogbo èèyàn ń sọ pé àgbà ti dé sí wọn. Ilé ni wọ́n ń wá fún ẹ̀rọ yín. Wọ́n ní iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, torí náà iṣẹ́ náà máa bá yín lọ."

Aránṣọ rántí gbogbo ìgbà tí bàbá yà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun fẹ́ bá a fi epo sí ẹ̀rọ. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, àánú wọn á ṣe yín, ẹ ó sì pa iṣẹ́ tì. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ wá torí àánú."

Kò dá àpótí padà mọ́. Ó gbé e délé, ó gbé ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀, ẹ̀rọ jókòó pẹ́kẹ́, kò mì síhìn-ín, kò mì sọ́hùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín nítorí pé iṣẹ́ náà dára. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ gbéra. Ó mú aṣọ mẹ́ta dání tó fẹ́ parí. Wọ́n dé etí adágún kí oòrùn tó mú, wọ́n gbé àga sílẹ̀, wọ́n sì bá àgọ́ náà jà títí wọ́n fi gbà pé yóò dà bó ṣe dà. Ó ní tí òun bá simi díẹ̀, òun yóò gbé ẹ̀rọ jáde. Omi náà dákẹ́. Ẹyẹ funfun kan ń rìn létí rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó di ọ̀sán, ó di ìrọ̀lẹ́, àpótí ṣì wà nínú ọkọ̀ ní dídé.

"Ṣé o ò ní ránṣọ mọ́ ni?" ni ìyá bi í.

"Ó lè dúró, Màámi."

Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Kò sí Sátidé kan nínú ọdún márùn-ún tí kò fi lè sọ ọ́, kò sì sí oníbàárà kan tí ì bá kú. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá rẹ̀ fa àga sún mọ́ tirẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Tún un sọ," ni ìyá wí. "Sọ ọ́ sókè díẹ̀, kó lè gbọ́."

Aránṣọ nu ojú, ó kọjú sí omi.

"Ó lè dúró, Bàbá mi," ó ní.