Àga Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Fíìmù

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa nínú ìtàn Bàbá Sinimá yìí, kí ó wá bá mi lójúkojú. Mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló gbọ́, n ò sì ní fi iyọ̀ sí i ju èyí tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti ajá ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa wá dá òòlù tó yá padà. Bàbá Sinimá ní kó jókòó, kó wo fíìmù díẹ̀ pẹ̀lú wa. Pálọ̀ yẹn ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, torí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí kọ́tìnnì ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ajá dúdú kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó la ẹnu. Àfi "Háùn!" lẹ́yìn ọrùn káfíńtà. Ká tó ṣẹ́jú, ọkùnrin náà ti wà lórí tábìlì, ó gbé òòlù sókè.

"Ajá méjì ni o!" ló ń pariwo. "Ojú mi rí ọ̀kan níwájú, etí mi gbọ́ èkejì lẹ́yìn!"

Bàbá Sinimá ò tiẹ̀ wo tábìlì tó ń mì. Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí rẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Lẹ́yìn níbo gan-an? Ṣé lápá ọ̀tún ni àbí lápá òsì?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Ilé sinimá ni àwa méjèèjì ti ṣiṣẹ́ gbó. Èmi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, òun wà lókè lẹ́yìn gbogbo èrò, nínú yàrá kótópó kan tó gbóná bí ààrò, tó ń fi fíìmù han aráyé láti ojú ihò tí kò ju bíríkì kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé sódìsódì ni wọ́n ń ki fíìmù ayé ìgbà yẹn sínú ẹ̀rọ. Ohun tó wà lókè á wà nísàlẹ̀, tọ̀tún á di tòsì, kí àwòrán tó lè dúró dáadáa lára aṣọ funfun. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. "Bó o bá fẹ́ kí nǹkan tọ́," ni yóò wí, "kọ́kọ́ dojú ẹ̀ dé." Kódà ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó bá ń kà. Ó ní òun fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe parí kí wọ́n tó parọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún òun.

Wọ́n ti ilé sinimá náà pa, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Ìyẹn ò pa á. Ohun tó fẹ́ pa á ni ojú ìyàwó rẹ̀. Àìsàn kan wá, ó ń jí ìríran ìyá náà gbé díẹ̀díẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ aṣọ, títí kò fi ku nǹkan kan. Tọkọtaya tí fíìmù so pọ̀ ni wọ́n, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí wọn kì í jọ wò ó. Ní báyìí, bí ọkọ bá ti ń tan tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó á máa táràrà wá ọ̀nà yàrá.

"Ìyá, o ò dúró kí á jọ wo eléyìí?"

"Òkùnkùn ni mo ń wò, Bàbá. Èyí tó wà ní yàrá tó mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn. Ló bá pinnu pé bí ojú ò bá ríran mọ́, òun á kọ́ etí ní ìran wíwò. Bí ohùn bá yí àga obìnrin yìí ká, bí mọ́tò bá kọjá lápá òsì rẹ̀, tí ìlẹ̀kùn sì dún lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wá ọ̀nà yàrá mọ́. Ó kó sípíkà márùn-ún wálé pẹ̀lú ìyá wọn, ìyẹn èyí tó sanra tó ń dún gbì-gbì nílẹ̀. Ó tún gbé ẹ̀rọ wúwo kan tí wọ́n ń pè ní risífà wá. Òun ló ń gba ohùn lẹ́nu kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé fíìmù sí tẹlifíṣọ̀n, tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà.

Wáyà tín-ín-rín tó ń wọ ojú ihò tí wọ́n ń ki gbohùn-sétí bọ̀ lára kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ lò. Sípíkà méjì péré ló sọ̀rọ̀.

"Àwọn yòókù ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́."

Nígbà tó yá, ó rí bọ́tìnnì kan tẹ̀ lára risífà, gbogbo wọn bú sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ìdùnnú fa ìyàwó rẹ̀ wá sórí àga. Ìyá fi ọwọ́ lẹ́rán, ó tẹ́tí títí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìpàdé ẹbí. Ta ló wà níbo?"

"Gbogbo wọn wà níbi gbogbo!"

"Ẹni tó bá wà níbi gbogbo, n ò lè rí i." Ó dìde, ó lọ sùn. Èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ló wá wo ọ̀ràn náà. "Bàbá mi, wáyà yín yìí, ohùn méjì péré ló lè gbé. Ọ̀nà tóóró ni. Ẹ fẹ́ kí èèyàn mẹ́fà gba ibẹ̀ kọjá pọ̀."

"Kí wọ́n tò!"

"Wọn ò lè tò, Bàbá. Wáyà ẹlẹ́nu fífẹ̀ lẹ máa lò, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Ẹ fà á láti kọ̀ǹpútà sí risífà, kí risífà wá fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà pé sípíkà mẹ́fà lẹ ní. Ó rò pé méjì ni."

"Ta ló parọ́ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Ẹ ò sọ fún un ni."

Ọmọ náà ṣètò inú kọ̀ǹpútà, ó so wáyà, ó ní kí bàbá òun kàn to àwọn sípíkà sí àyè wọn, ló bá padà síbi iṣẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Sinimá tò ó bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù. Ó gbé ti iwájú sẹ́yìn, ó gbé tòsì sọ́tùn-ún, ó wá ń retí kí ó fúnra rẹ̀ tọ́.

Ìyá jókòó. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi?"

Ojú ọkọ rẹ̀ rọ. Ìyá dìde, ó di àga mú, ó yí i padà gbirigbiri, ó kọjú sí ògiri, ó sì kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ó tún jókòó.

"Hẹn-ẹn. Ọkùnrin yẹn ló wà lápá òsì mi yìí. Obìnrin ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Àṣé òjò ń rọ̀ lẹ́yìn wọn?" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí wọn, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn ti di ẹ̀sín àdúgbò, ilé tí òǹwòran ti ń kọ ẹ̀yìn sí ìran. Ọmọ wọn gbọ́, ó fi fóònù pè é. "Bàbá, òdì lẹ tò ó! Màá wá tún un ṣe."

"Ta lo fẹ́ kọ́ ní sinimá? O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Bàbá Sinimá gbé àga tirẹ̀ sídìí ògiri ẹ̀yìn, ó dojú kọ ìyàwó rẹ̀, ó ń wo fíìmù lókè orí rẹ̀. Mo rò pé agídí lásán ni. Mo ní, "Ọ̀rẹ́, o ò ṣe jẹ́ kí ọmọ yìí tún un tò?"

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Láti ojú ihò yàrá òkè ilé sinimá yẹn, ṣé o mọ ohun tí mo máa ń rí? Ìpàkọ́. Ìlà tó kẹ́yìn lobìnrin yìí máa ń jókòó sí, mo mọ gèlè rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, n ò ní rí i. Wọ́n á sunkún, n ò ní rí i. Mo wá ń rí i báyìí."



Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni ó lọ, lórí àga náà. Fíìmù ti dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ìyá bi í pé, "Bàbá, kí ni wọ́n ń ṣe?" Bàbá Sinimá tí kì í ṣaláì fèsì, bí èsì náà tilẹ̀ jẹ́ irọ́, dákẹ́. Ìyá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀, ṣùgbọ́n òun jókòó títí fíìmù fi parí, torí ọkọ òun kì í fẹ́ kí èèyàn dìde kí iná tó tàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn kúnlẹ̀ nídìí sípíkà. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ."

"Fi í sílẹ̀. Bó o bá yí i padà, ibo ni n ó wá kọjú sí?"

Ọmọ náà wo àga òfìfo tó wà níwájú ìyá rẹ̀. Ó rọra gbé wáyà sílẹ̀.

Èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀ nígbà mìíràn báyìí, tí mo ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Màá ní, "Ẹṣin bíi ogún ń sáré bọ̀!" Òun á ní, "Irọ́ yín ni, ẹyọ kan ni mo gbọ́." Á sì rẹ́rìn-ín, èmi náà á máa wo ojú rẹ̀ dípò ọ̀rẹ́ mi.

Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni, àfi ibi kékeré kan. Lọ́jọ́ ajá, jẹ́jẹ́ ni káfíńtà jókòó pẹ̀lú òòlù rẹ̀ lórí itan. Èmi ni mo wà lórí tábìlì. Bàbá Sinimá ló sọ fún àdúgbò pé káfíńtà ni, kò sì tú àṣírí mi títí ó fi lọ.