Asimawu àti Àwọn Ọmọ Àkurákudà

Ní Òde-Omi, bí ẹ bá béèrè Asimawu, wọn á bi yín pé èwo. Bí ẹ bá ní alákurákudà, wọ́n á nawọ́ síbi tí èéfín ti ń rú. Ẹja ńlá eléyín ṣóńṣó yìí ló ń là, tó sì ń yan, láti ìgbà tó ti wọlé Làmídì, ọkọ rẹ̀. Ọkọ á fi ìwọ̀ mú un lójú òkun, ìyàwó á gé lẹbẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún oníbàárà Èkó tí kì í ra nǹkan mìíràn, á sì yan ìyókù.

Nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, ọkùnrin mẹ́rin ní í wọ́ ẹyọ kan gòkè. Nígbà tó yá, Làmídì nìkan ń gbé e léjìká. Nígbà tó tún yá, báàfù ìfọṣọ gbà á, ìrù rẹ̀ kò sì yọ síta. Làmídì ní àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán ló ń kó wọn. Ó ní omi òkun pàápàá ti ń gbóná ju ti àtijọ́ lọ, ẹja kéékèèké tí àkurákudà ń jẹ sì ti sún lọ síbi tó jìn. Òkun fúnra rẹ̀ kò sún lọ. Ó ti gbé ilé ìdáná Asimawu àkọ́kọ́, ó sì ń bọ̀ wá bá èkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Làmídì gbé abo ńlá kan dé. Inú Asimawu dùn. Ó ti ọ̀bẹ bọ ikùn rẹ̀, ni ọmọ mẹ́fà bá yọ́ jáde, wọ́n ń ta pútúpútú lórí iyanrìn. Ó wò wọ́n. Ó bu omi òkun sínú báàfù, ó kó wọn sí i, ó gbé e rù, ó kọrí sétí omi.

“Asimawu, níbo lò ń gbé ẹja lọ?” Làmídì bi í.

“Ọmọ ni wọ́n.”

“Ọmọ ẹja, ẹja náà ni.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà, Bàbá Ọmọ́títí. Ẹ ó pa wọ́n nígbà náà.”

Asimawu da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú òkun.

Lọ́jọ́ kejì, omi gbé méjì nínú wọn padà wá lókùú. Asimawu yan wọ́n. Ó pẹ́ ní ìdí iná náà. Lẹ́yìn náà ló fóònù Ọmọ́títí, ọmọ rẹ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè.

“Ọdún mélòó ni àkurákudà ń lò kó tó bímọ?”

“Òmíràn ń lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, Màámi. Wọn kì í sì í bí púpọ̀. Pípa tí à ń pa wọ́n ti yá ju bíbí wọn lọ.”

“Ìwọ náà kò tíì bí.”

“Màámi, ẹja là ń sọ.”

“Mo mọ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni Asimawu ti ní òun kò la aboyún ẹja mọ́. Làmídì kò bá a jà. Ó kàn ń gbé irú wọn lọ fún Níkẹ́, ayanja kejì nílùú, tí kì í béèrè ohun tó wà níkùn ẹja. Àwọn obìnrin etí omi ní orí Asimawu ti ń dàrú díẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò tíì pọ̀. Tọkọtaya náà ń jẹun pọ̀, wọn kò sì dárúkọ ẹja.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, Làmídì ti òkun dé bá Asimawu létí omi, ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo. Ó ní abo ńlá kan kọ́ ìwọ̀, ikùn rẹ̀ rí rogodo.

“Ó dà?”

“Ó já okùn lọ.”

Asimawu bá a kó okùn jáde nínú ọkọ̀. Ó fọwọ́ tọ gbogbo wọn. Kò sí èyí tó já, ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́nu okùn tirẹ̀. Ó ká wọn, ó gbé wọn kọ́. Ó pọnmi ìwẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó tẹ ẹ̀bà, ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò ló sì bù sí abọ́ rẹ̀.

“Òkun le lónìí,” Làmídì wí.

“Ẹ kú ewu,” ni Asimawu dáhùn.