Nọ́ọ̀sì ní àwọn fẹ́ so mí

Díẹ̀ ló kù kí n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láti ọsibítù dé ilé mi ní Bajulaiye lónìí.

Ẹ̀dọ̀ mi ló ń ṣàìsàn. Lánàá ni mo bi ẹ̀jẹ̀, ni Bọ́lá ọmọ mi bá fi tipátipá gbé mi lọ.

Nọ́ọ̀sì ní, "Baba, ẹ dùbúlẹ̀, a fẹ́ so yín."

Mo dìde fùú. "Ẹ fẹ́ so ta ni? Ọmọ àgbẹ̀ ni mí o, ewúrẹ́ la máa ń so!"

Ẹ̀rín ń pa Bọ́lá. Dókítà ní, "Baba, kì í ṣe ẹ̀yin. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí àìsàn ẹ̀dọ̀ mú wú, tó sì bẹ́ nínú ọ̀nà ọ̀fun yín, la fẹ́ fi rọ́bà kékeré so, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹnu la máa gbà, a ò ní fi abẹ kàn yín."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ oorun. Nígbà tí mo jí, ẹ̀jẹ̀ ti dá! Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Ìjà kan ló kù. Wọ́n ní ẹ̀kọ tútù ni kí n ṣì máa mu, Bọ́lá tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sì ti gbé odó pamọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti so iṣan yín rí, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ọjọ́ wo lẹ padà jẹ iyán?